Orí Kẹfà: Ta Ló Bí Ta? Ìwádìí Ìtàn Ìdílé ní Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó bá gba ojú títì pápákọ̀ òfuurufú jáde ní Àkúrẹ́ yóò kan Ọ̀bà-Ilé kó tó rìn jìnnà. Ìlú tó dá dúró ni. Olóbà ni ọba wọn, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́ ni wọ́n sì wà, ṣùgbọ́n ilé ti kún àárín ìlú méjèèjì débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ilẹ̀ tí àwọn bàbá àgbà fi ń dá oko ti di pulọ́ọ̀tì. Ibi tí ilẹ̀ bá sì ti gbówó lórí, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé: "Ọmọ ta ni ọ́ nínú ẹbí yìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé fàájì arúgbó ni ìtàn ìdílé, kó lọ jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀.

Òfin wa gbà kí èèyàn fi ìtàn àtẹnudẹ́nu jà fún ilẹ̀. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ló sì ṣáájú. Àmọ́ "àwọn baba wa ló ni ín" kò tó fún adájọ́. Ó fẹ́ gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, bó ṣe dé ibẹ̀, ẹni tí ilẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí dórí ẹni tó dúró níwájú òun, láìsí àlàfo. Bí ìtàn ìhà méjèèjì bá wá tako ara wọn ńkọ́? Ẹjọ́ kan láti Gold Coast (Ghana òde òní), ti Kojo Kejì àti Bonsie, ti dáhùn ìyẹn ní 1957. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó kẹ́yìn fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, sọ pé kí adájọ́ má wo ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ohun tí baba rẹ̀ sọ fún un lè máa sọ ọ́ tọkàntọkàn, kó má sì rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìpẹ́ yìí, tí ẹ̀rí wà fún, wọn ìtàn àtijọ́ wò, kí wọ́n sì mú èyí tó bá a mu jù.

Ìlànà ilé ẹjọ́ yẹn ni a ó máa lò jálẹ̀ orí yìí. Ohun tó wà nítòsí ni kí ẹ fi dán ohun tó jìnnà wò.

Ìpàdé ẹbí

Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1911 ni ẹgbẹ́ kan ti wà tó ń jẹ́ Society of Genealogists, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe lè wá baba ńlá wọn rí. Ọ̀nà tiwọn tẹ́jú. Láti 1538 ni àwọn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n sin; ìjọba náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1837. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé yóò pẹ́ níbi tó ti ń wá a. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú tí gbogbo Nàìjíríà ń lò báyìí, 1992 ni wọ́n ṣe é, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n sì tún ti bí lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn síbì kankan.

Àmọ́ àwa náà ní ẹgbẹ́ tiwa. Ìpàdé ẹbí wà. Olórí ẹbí ń bẹ, akọ̀wé ń bẹ, akápò ń bẹ, owó ìpàdé ń wọlé, ìjà náà sì ń wáyé. Níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan yóò ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ akọ̀wé lẹ́nu pé, "Rárá o, kì í ṣe òun ló bí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bí i," tí ìyá mìíràn yóò sì ti ẹ̀yìn dá a lóhùn. Iyàn bẹ́ẹ̀ wúlò fún yín ju ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nítorí náà, ẹ má lọ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí ẹ sì jókòó sẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè ni ìwé àjákọ akọ̀wé, pàápàá ojú ewé tí wọ́n ti pín owó. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín ogún. Bí olóògbé bá ní aya mẹ́ta, tí wọ́n sì pín ogún sí mẹ́ta, tí ọmọ kan ṣoṣo ti ìyáálé gba iye tí ọmọ márùn-ún ti ìyàwó kékeré jọ gbà, ìdí-igi nìyẹn. Bí wọ́n bá pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba, orí-ò-jorí ni. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní 1962, Privy Council kan náà gbà pé àṣà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ìdí-igi. Ẹbí tó bá ta ilẹ̀, tó sì pín owó rẹ̀ ní ìdí-igi, ti ya àwòrán ara rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ wo ojú ewé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Orúkọ ìyá kan ló wà lókè, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, iye owó wà lápá ọ̀tún, ìtẹ̀ka tàbí ìfọwọ́sí wà níwájú iye owó. Níbi tí ẹnì kan ti kú, wọ́n kọ "àwọn ọmọ lágbájá", ọmọ tó dàgbà jù ló sì fọwọ́ sí i. Ìran mẹ́ta rèé lójú ewé kan, àwọn tó fọwọ́ sí i ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Kì í rọrùn fún àjèjì láti yọ́ wọ inú irú ìwé yìí, torí ẹni tí owó rẹ̀ máa dín kò ní gbà. Àlébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ti re ìdálẹ̀, tí kò wá gba owó, lè ṣàì sí níbẹ̀ rárá.

Bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀dó ìlú. Bí ọmọ iléèwé bá gbé ìwé wá, tó ní kí bàbá sọ ìtàn, Odùduwà ni bàbá yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àkúrẹ́ yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ Aṣọdẹbóyèdé tó tẹ Àkúrẹ́ dó, ti Oǹdó yóò sọ ti Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó. Ìtàn tó dùn ni, ọmọ ìlú sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá kò ì sọ orúkọ ẹni tó bí ìyá tirẹ̀ fún yín. Ẹ bèèrè nípa ara rẹ̀ ná, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ilé tí wọ́n gbé, oko tí wọ́n ń lọ, ẹni tó sin òkú baba rẹ̀ àti ibi tí wọ́n sin ín sí.

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ẹ má ṣe bi ìyá àgbàlagbà pé ọmọ mélòó ló bí. Bó bá tilẹ̀ dáhùn, àwọn tó yè nìkan ni yóò sọ. "Ta ni àkọ́bí yín, Ìyá?" "Ta ló tẹ̀ lé e?" Báyìí ni ẹ ó máa bá a lọ, iye yóò sì fara hàn fúnra rẹ̀. Ẹ má bèèrè ọdún tí wọ́n bí i náà. Ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ayé rí. Ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, 1947, òṣùpá dí ojú oòrùn, ọ̀sán sì dòru; ẹni tó ti gbọ́njú nígbà yẹn kì í gbàgbé. Ní oṣù Kìíní, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1972, ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, náírà dé. Ní oṣù Kẹjọ, 1983, Àkúrẹ́ gbóná nítorí ìbò gómìnà tí Ajásin àti Ọmọ́boríowó jọ du. "Nígbà Adésídà" kò ràn wá lọ́wọ́: láti 1897 títí dé 1957 ni Adésídà Kìíní, Déjì (ọba) Àkúrẹ́, fi wà lórí oyè. Ọgọ́ta ọdún kì í ṣe déètì.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tí a ṣe fún ẹ̀kọ́ yìí.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá. Lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru yẹn, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo pọn àbúrò mi sẹ́yìn. Èmi ń sunkún, òun ń sunkún. Ìyá wa wà lóko."

"Nígbà tí wọ́n yí ọkọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

"Àkọ́bí mi ti ń lọ iléèwé nígbà yẹn. Mo ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ á gbá a."

Ọmọ tó lè pọn àbúrò, ẹ jẹ́ ká fún un ní ọdún méje sí mẹ́wàá. Nítorí náà, láàárín 1937 sí 1940 ni wọ́n bí ìyá yìí. Bí àkọ́bí rẹ̀ bá ń lọ iléèwé ní 1972, wọ́n lè bí i ní 1965 tàbí ṣáájú. Ìyá á ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gbọ̀n bó bá jẹ́ 1965. Fún àkọ́bí láyé ìgbà yẹn, ó pẹ́ díẹ̀. Bóyá ọmọ náà ti dàgbà ju ohun tí a rò lọ. Bóyá "àkọ́bí" tí Ìyá ń sọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó yè. Ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orúkọ àwọn ọmọ lè dá yín lóhùn láìjẹ́ pé ẹ tún ọgbẹ́ àtijọ́ tú.

Orúkọ

Ìdòwú kò lè wà láìsí ìbejì níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Àlàbá kò lè wà láìsí Ìdòwú. Bí ẹ bá rí Ìdòwú nínú ìwé, tí ẹ kò rí Táíwò àti Kẹ́hìndé, èèyàn méjì ti sọnù nínú ìtò yín nìyẹn. Kòkúmọ́, Málọmọ́ àti Dúrójayé ń sọ fún yín pé ọmọ ti kú ṣáájú. Babátúndé ń sọ pé bàbá àgbà ti kú nígbà tí wọ́n bí i, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ikú náà kò tíì pẹ́. Tí ẹ bá mọ ọdún tí wọ́n bí Babátúndé, ẹ ti sún mọ́ ọdún tí bàbá àgbà kú. Yétúndé àti Ìyábọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ìhà obìnrin. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún, Fá, Ọ̀ṣun tàbí Adé ń tọ́ka sí ohun tí ilé náà ń bọ tàbí oyè tí wọ́n ń bá tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti fi Olúwa tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba ìgbàgbọ́.

Orúkọ ìdílé tí iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì mú wá ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ baba kan náà mẹ́ta: àkọ́kọ́ fi orúkọ baba ṣe ti ìdílé, èkejì fi ti baba àgbà, ẹ̀kẹta fi orúkọ ìrìbọmi baba, ó ń jẹ́ Samuel tàbí James. Lẹ́yìn ìran méjì, àwọn ọmọ wọn lè fẹ́ra láìmọ̀. Olùwádìí tó bá ń tẹ̀ lé orúkọ ìdílé nìkan yóò sọ ẹbí kan di mẹ́ta, yóò sì so ẹni tí kò tan pọ̀ torí pé àwọn méjèèjì ń jẹ́ James. Orúkọ ìlú náà lè tan ni jẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bà-Ilé wà, Ọ̀bà-Àkókó wà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìlú kan ló bí èkejì gbọ́dọ̀ ní ju orúkọ lọ lọ́wọ́: èèwọ̀, ọdún ìbílẹ̀, oyè, ẹ̀ka èdè.

Ìhà ìyá

P. C. Lloyd, onímọ̀ àwùjọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ àti ẹbí ní Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Adó-Èkìtì àti Ẹ̀gbá. Ìwé rẹ̀, Yoruba Land Law, jáde ní 1962. Ohun tó rí kò bá ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ nípa Yorùbá mu. Ní Adó-Èkìtì, ọ̀nà baba ni ẹbí ń tọ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ọmọ obìnrin ilé náà ọmọ ilé ni, ọmọ tó bá bí sì lè bèèrè ẹ̀tọ́ nílé ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni kan lè jẹ́ ọmọ ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó bá gbé, tó bá ń dáko, tó sì ń bá wọn ná owó òkú ni yóò fi hàn ibi tó fara mọ́ jù.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún iṣẹ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Oǹdó tó bá ya igi ìdílé tó ní kìkì ọkùnrin, bíi ti ọ̀pọ̀ ìtò ìdílé inú Bíbélì, ti gé ìdajì ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ dànù. Àkúrẹ́ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀: bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ló ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adelé, tí yóò múra bí ọkùnrin, tí yóò sì ṣàkóso títí wọ́n á fi yan ọba tuntun. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ọba, wọn kì í ka adelé mọ́ wọn. Lójú tèmi, kò sí ìtò ìdílé tó pé tí kò bá ní orúkọ ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ baba ní gbogbo ìran tí a bá lè rí i. Ẹ kọ ilé tí ìyá náà ti wá pẹ̀lú. "Ìyá Àkúrẹ́" kì í ṣe orúkọ, ilé ọkọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé tó wà

Ìwé tó sún mọ́ wa jù ni èyí tí a kì í kà sí ìwé: pósítà òkú àti ìwé ètò ìsìnkú. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àwòrán àtijọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kan tí àwọn èèyàn fi ń nu tábìlì lẹ́yìn àríyá. Ẹ kó o jọ. Ẹ sì rántí pé àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ kí olóògbé dára lójú ayé. Aya tí wọ́n ti bá jà kì í sábà sí níbẹ̀, ọjọ́ orí náà sì máa ń ròkè. Ibojì tó wà nínú ọgbà ilé tàbí iwájú ilé náà ní déètì lára, ojú kan náà ni kí ẹ fi wò ó.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) dé Oǹdó ní àwọn ọdún 1870. Charles Phillips, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, débẹ̀ ní 1877, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Àwọn ìwé CMS wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítòsí wa, Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Òpìtàn Kenneth Dike ló ja ìjà tó bí i, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Fáìlì ìgbà tí Oǹdó jẹ́ pírófíńsì wà níbẹ̀: ẹ̀sùn oyè, ìjà ààlà, ẹ̀hónú tí àwọn akọ̀wé lẹ́tà bá àwọn àgbà kọ, àti ìròyìn tí àwọn òyìnbó ìjọba kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930. Ìròyìn yẹn kì í sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òyìnbó ti gbọ́ ìtàn ní gbogbo ìgbà. Ọ̀dọ̀ ààfin ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ bèèrè, ohun tí ààfin fẹ́ ló sì ń gbọ́.

Kí ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn mú orúkọ àti ọdún dání. Ẹni tó bá lọ bèèrè pé "ẹ fún mi ní ìtàn ilé wa" yóò padà lọ́wọ́ òfo.

Àyẹ̀wò DNA tí àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ń ṣe lè fi hàn pé ènìyàn méjì bára tan. Kò lè sọ orúkọ ẹni tó so wọ́n pọ̀. Ìpàdé ẹbí ni yóò sọ ìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́.

Ẹni tí ìtàn ń bọ́

Laura Bohannan, onímọ̀ àṣà àti ìran ènìyàn, kọ nípa àwọn Tiv, ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà, ní 1952. Nílẹ̀ Tiv, ìtàn baba ńlá ni wọ́n fi ń pín ilẹ̀ àti ipò, bí àjọṣe àwọn ìdílé bá sì ti ń yí padà, ìtàn náà ń yí tẹ̀ lé e. Òyìnbó kọ ìtò ìdílé wọn sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ lè máa lò ó. Nígbà tó yá, àwọn Tiv ní ìwé náà kò tọ̀nà; òyìnbó ní ohun tí àwọn baba wọn sọ ni òun kọ. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Òyìnbó mú ìtàn ọdún kan, ó rò pé ti ayérayé ni.

Ọ̀rọ̀ Alex Haley burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú yìí lọ sí Juffure ní Gáḿbíà, ó bá ọkùnrin kan, Kebba Fofana, tó ka ìran Kinte fún un títí dórí Kunta tó sọnù, ẹni tí Haley gbà pé baba ńlá òun ni. Ìwé rẹ̀, Roots, jáde ní 1976, ayé sì gbọ́. Ní 1981, òpìtàn Donald Wright, tó ti lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, kọ ọ́ pé Fofana kì í ṣe akéwì tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìtàn, àti pé àwọn èèyàn ti mọ ohun tí àlejò ń wá kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bí ẹ bá bi àgbà pé "Bàbá, ṣé ọmọ ọba ni wá?", ẹ ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ta ni yóò sọ pé rárá?

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ohun tó lè jèrè nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìtàn. Ẹni tó ń du oyè, ẹni tó ń ta ilẹ̀ àti ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú ìpàdé kò ní sọ ìtàn kan náà. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ da tiwọn nù. Ìyá arúgbó tí kò ní ilẹ̀ tó ń retí, tó kàn rántí ẹni tó gbé e jó nígbà tó ń ṣe ìyàwó, ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ ya ìtò ìdílé yín dé ìran mẹ́rin, baba àti ìyá, kí ẹ sì fi ohùn ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán ti orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Níbi tí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má yan ọ̀kan. Ẹ lo ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta nínú àwọn tí a kà lókè láti fojú bu ọdún tí wọ́n bí àgbà kan tí kò ní ìwé ìbí. Ohun tí àgbà bá ní kí ẹ má kọ, ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ̀dà kan ti olùkọ́ ni, ẹ̀dà kejì sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹbí kí a tó fún yín ní máàkì.